Ẹ Má Fi Èrò Ọ̀rẹ́ Mi Dá Mi Lóhùn

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ aṣàwárí àti àwa tí à ń lò ó. Wọ́n ní ìdáhùn tó dára jù lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá nǹkan lórí ayélujára ni èyí tí àwọn ọ̀rẹ́, ẹbí àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti kà, tí wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá ti mọ àwọn tí ènìyàn ń bá rìn, ó ti mọ ohun tí onítọ̀hún ń wá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Yorùbá. Àwa la ní èèyàn laṣọ, a kì í sì í fẹ́yàwó, gbaṣẹ́ tàbí ra ilẹ̀ láìkọ́kọ́ fi lọ àwọn tó mọ̀ wá. Bóyá ìdí nìyẹn tí èrò náà fi wọlé tọ̀ wá láìkanlẹ̀kùn. Èmi lòdì sí i pátápátá. Ó ta ko ohun tó ń gbé wa dé ìdí ẹ̀rọ aṣàwárí gan-an, ó ń ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà, àwọn tó sì ń polówó rẹ̀ fún wa ní èrè tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ tí wọn kì í sọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Lọ́dún 1998, Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní PageRank. Ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ ojú ìwé mìíràn bá ń tọ́ka sí, tí àwọn tó ń tọ́ka sí i fúnra wọn sì níyì, ni yóò wà lókè. Ọgbọ́n náà ní àléébù, nítorí àwọn oníjìbìtì tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ìtọ́ka. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo kà sí iyì ńlá: kò bìkítà nípa ẹni tó ń béèrè. Bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní London bá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, orí ìwọ̀n kan náà ni ẹ̀rọ ń gbé ìdáhùn wọn lé.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2009, Google bẹ̀rẹ̀ sí í dán Social Search wò, èyí tó ń kó ohun tí àwọn ojúlùmọ̀ ẹni kọ sórí ayélujára mọ́ ìdáhùn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n kéde pé olúkúlùkù ni àwọn yóò máa yan ìdáhùn tirẹ̀ fún, títí kan ẹni tí kò forúkọ wọlé rárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bing ti Microsoft bá Facebook dòwò pọ̀, ó sì ń fi ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tẹ “like” sí hàn láàárín ìdáhùn. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2012 ni Google wá gbé àgbà gbogbo wọn jáde, Search, plus Your World. Ẹni tó bá forúkọ wọlé, tó sì wá nǹkan, yóò bá àwòrán àti ọ̀rọ̀ àwọn tó so mọ́ lórí Google+, ìkànnì ọ̀rẹ́ ti Google fúnra rẹ̀, láàárín ìdáhùn tó yẹ kó ti gbogbo ayé wá. Facebook fèsì lóṣù Kìíní ọdún 2013 pẹ̀lú Graph Search, tí a ó fi máa wá ilé oúnjẹ, àwòrán àti ènìyàn nínú ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wa fẹ́ràn.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti di ìtàn. Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti Google+ pa fún gbogbo ará ìlú, Graph Search náà sì ti rọra wọlẹ̀. Èrò tó bí wọn kò kú ní tirẹ̀, ó kàn pa aṣọ dà ni. Lóṣù Kìíní ọdún 2018, Mark Zuckerberg kéde pé ohun tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí bá gbé síta ni Facebook yóò máa fi síwájú ẹni. Lórí Instagram, kí ènìyàn tó mọ ohun tí fídíò kan ń sọ, wọ́n á ti sọ fún un pé lágbájá tó mọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Instagram àti TikTok wá ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń fi Google wá kò kéré. Ní báyìí, àwọn ẹ̀rọ AI tí a ń bá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn náà ti ń tọrọ àyè láti wo ímeèlì wa, kí ìdáhùn wọn lè bá wa mu. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi tíì di ọ̀rọ̀ àná.

Mo fẹ́ bi àwọn alátìlẹ́yìn èrò yìí: nígbà wo ni ènìyàn máa ń lọ sídìí ẹ̀rọ aṣàwárí? Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru yóò kọ́kọ́ pe ìyá tirẹ̀, bí kò bá sì jìnnà, yóò kan ilẹ̀kùn alájọgbé. Bí èsì wọn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní tẹ ohunkóhun sínú fóònù. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti béèrè títí dé ibi tí ìmọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ, ó sì fẹ́ rékọjá ibẹ̀. Kí wá ni ọgbọ́n tó wà nínú pé kí ẹ̀rọ tún dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti bi tẹ́lẹ̀?

Ìgbà mìíràn sì wà tí a kò fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ wá gbọ́ rárá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2006, ilé iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà tú nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ìbéèrè síta fún àwọn oníwádìí, èyí tí àwọn oníbàárà wọn tó tó 650,000 ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ aṣàwárí wọn. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn New York Times ti inú ìbéèrè lásán dá ọ̀kan nínú àwọn onínọ́ńbà náà mọ̀, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ yàtọ̀. Àkójọ náà fi hàn wá ohun tí ẹ̀dá ń bá ẹ̀rọ sọ nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́: àìsàn, wàhálà ọkọ àti aya, ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ tí a kì í gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, ọkùnrin tí egbò yọ sí níbi tí kò ṣeé fi han ẹni, ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò kòkòrò HIV kí ará ìjọ tó gbọ́, ojú ọ̀rẹ́ gan-an ni gbogbo wọn ń sá fún. Kí orúkọ ọ̀rẹ́ àti àwòrán rẹ̀ wá yọ lójú ìdáhùn níbi tí wọ́n sá dé! Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ náà kò rí ìbéèrè wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹni tó bá rí ojú ará ilé rẹ̀ níbẹ̀ á pa fóònù dé, á sì padà sínú àìmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Graph Search jáde, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún burú jù báyìí lọ. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Tom Scott ní kí ẹ̀rọ náà wá àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí tó ń gbé ní Tehran, tó sì jẹ́ pé ọkùnrin ni ọkàn wọn ń fà sí. Ikú ni òfin Iran lè fi san án fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà to àwọn ènìyàn náà kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ji ìwé wọn kà. Ohun tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́, níbi tí wọ́n rò pé ọ̀rẹ́ nìkan ló wà, ni ẹ̀rọ ṣà jọ.

Wọ́n á ní ó dára, ọ̀rọ̀ àṣírí yàtọ̀, ṣé nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìmọ̀ ojoojúmọ́, àwọn tó sún mọ́ wa kọ́ ló mọ ohun tó yẹ wá? Lọ́dún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí dòní, The Strength of Weak Ties. Ó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton, lẹ́bàá Boston, sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó tipasẹ̀ ẹnì kan rí iṣẹ́, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní àwọn máa ń rí ẹni náà dáadáa. Ìdá 55.6 ní àwọn ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá 27.8 ní ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tó fojú kan ara wọn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Àwọn tí à ń bá jẹ, tí à ń bá mu, ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́. Ẹni tí kò bá wa gbé, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì pa pọ̀ mọ́ tiwa, ló ń gbé ohun tí a kò gbọ́ rí bọ̀. Àwọn baba wa kò kúkú nílò ìwádìí kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ̀rọ aṣàwárí ló gbé wa dé oko baba ẹlòmíràn fún ìgbà àkọ́kọ́, láì san owó ọkọ̀. Àwọn kan wá jókòó ní California, wọ́n ní oko baba wa nìkan ni kó máa gbé wa lọ.

Nílé wa níbí, a ti rí ohun tí ìmọ̀ tó ń ti ọwọ́ ojúlùmọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ojúlùmọ̀ lè ṣe. Lóṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, pé àrùn náà kò ní ràn wọ́n. Ìyá ló ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ló ń jí àbúrò lójú oorun. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò pète ibi. Lọ́jọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń sọ fún gbogbo ìlú pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àjèjì ni wọ́n lójú wa. Ohùn ẹbí ló lágbára jù.

Èyí tó tẹ̀ lé e gba owó lọ́wọ́ wa. MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ìparí ọdún 2015. Wọ́n ní ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ yóò gba èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù kan. MMM kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò bánkì tàbí ṣọ́ọ̀bù lójú títì kó tó gbilẹ̀. Ẹnu ará ìjọ, ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnu àna àti alájọṣiṣẹ́ ló gbé e kiri. Nígbà tó di àárín oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọdún Kérésì ku dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti àpótí owó pa. Àjọ NDIC tó ń ṣe adójútòfò owó ní bánkì sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ MMM yìí díẹ̀, nítorí òun ló wó èrò tí mo ń bá jà lulẹ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn èrò náà ń sọ pé ọ̀rẹ́ kò ní purọ́ fún ọ̀rẹ́, pé ìyẹn ni ẹ̀rí ọ̀rẹ́ fi ju ti àjèjì lọ. Ọ̀rẹ́ wa kò purọ́ nípa MMM. Ó fi owó sílẹ̀, wọ́n san án fún un pẹ̀lú èlé, ó fi ìwé bánkì hàn wá. Òótọ́ pọ́nńbélé ló sọ. Síbẹ̀ ìparun ni òótọ́ náà ń fà wá lọ, nítorí pé owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń san tirẹ̀, kò sì wà níbi tó ti lè rí ìyẹn. Ta ló rí i? Àwọn ará Rọ́ṣíà tí MMM ti jẹ owó wọn run lọ́dún 1994, ilé ẹjọ́ Moscow tó ju Mavrodi sẹ́wọ̀n lọ́dún 2007 fún jìbìtì, àti àwọn aláṣẹ Nàìjíríà tó ti kìlọ̀ kí àpótí owó tó ti. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ayélujára, ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá tẹ orúkọ Mavrodi sínú ẹ̀rọ tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni yóò bá a pàdé. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rẹ́ díwọ̀n ìdáhùn ì bá gbé wá lóṣù Kọkànlá ọdún 2016: ẹ̀rí ará ìjọ, fọ́tò ìwé bánkì àna, àti “mo ti gba tèmi” látẹnu alájọṣiṣẹ́ mẹ́wàá. Ìwé ilé ẹjọ́ Moscow yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa tó tẹ “like” sí i.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sì yí padà bí ẹnìkan náà bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ọgọ́rùn-ún tó ń sọ ohun kan náà, nítorí ẹnu ara wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Àwọn kan tó ka ìwé máa ń fi ìwádìí kan ta kò mí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀. Lọ́dún 2011, Eli Pariser kọ ìwé The Filter Bubble, tó sọ pé ìdáhùn àdáni ń há kálukú mọ́ inú ayé tirẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn oníwádìí Facebook fúnra wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, lórí mílíọ̀nù 10.1 ará Amẹ́ríkà tó kọ èrò òṣèlú wọn sójú ìwé wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ yìí gbèjà àwọn ilé iṣẹ́, pé ẹ̀bi ẹ̀rọ kò tó bí Pariser ṣe wí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ní ó ń dí àwọn ènìyàn náà lọ́wọ́ jù láti pàdé ìròyìn tó ta ko èrò wọn? Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n yàn ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti fi pa mí lẹ́nu mọ́ ló ń jẹ́rìí pé ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ni ògiri tó ga jù. Ẹ̀rọ aṣàwárí ni ilẹ̀kùn tó kù lára ògiri náà, òun ni wọ́n sì tún fẹ́ mọ dí.

Èyí tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ní Nàìjíríà, “ta lo mọ̀?” ni ìbéèrè tó ń ṣáájú níbi gbogbo: níbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà, ní ilé ìwòsàn tí bẹ́ẹ̀dì kò ti tó. Ẹni tí kò mọ ẹnì kan yóò pẹ́ lórí ìlà títí yóò fi gba kámú. Láàárín gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo kò béèrè ẹni tí a mọ̀: ẹ̀rọ aṣàwárí. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan ní Ìbàdàn tó ka ìwé gboyè, tó fẹ́ lọ kàwé sí i lókè òkun, kò nílò kí baba rẹ̀ mọ gómìnà. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ mélòó kan, yóò bá ojú ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti DAAD ní Jámánì pàdé, yóò ka ohun tí wọ́n ń béèrè àti ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn, bí ọmọ mínísítà ṣe máa kà á gẹ́lẹ́.

Bí ojúlùmọ̀ bá wá di òṣùwọ̀n, ọmọ mínísítà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ tí wọ́n ti bọ̀ ni ojú ìwé wọ̀nyẹn yóò kọ́kọ́ yọ sí. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ ń pín ìpolówó àwọn tó ń gba owó físà lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n tó pòórá, ìyẹn ni ẹ̀rọ yóò gbé sókè fún un, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọkàn tán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò kórìíra rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é ní nǹkan. Òun náà kò sì ní mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fi ohun tí ọmọ mínísítà rí hàn án. Bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ lórí ìlà, o kúkú rí ẹni tó gba iwájú rẹ kọjá, o lè pariwo. Èyí kò ní ariwo. Ó bí mi nínú pé ìwà tí a ń bẹ Ọlọ́run kí ó kúrò nílẹ̀ wa ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń kọ́ fóònù wa, wọ́n sì ń pè é ní ìlọsíwájú.

Ta ló ń jèrè rẹ̀? Nígbà tí Search, plus Your World jáde, Google+ kò tíì pé ọdún kan, Facebook sì ti ṣáájú rẹ̀ jìnnà. Lóṣù kan náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti Facebook, Twitter àti MySpace ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n pè ní Focus on the User. Ó fi ìwọ̀n Google fúnra rẹ̀ wọn ìdáhùn Google, ó sì fi hàn pé níbi tí wọ́n ti gbé ojú ìwé Google+ sókè, ìwọ̀n wọn fúnra wọn mọ̀ pé ojú ìwé ẹni náà lórí Twitter tàbí Facebook ló yẹ níbẹ̀. Lóòótọ́, abánidíje ni àwọn tó ṣe é, wọ́n ní ẹrù tiwọn lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi hàn kò ṣeé sẹ́. Orúkọ ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n fi bojú, ọjà tiwọn ni wọ́n ń pàtẹ.

Ọ̀rẹ́ náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lóṣù Kejì ọdún 2010, nígbà tí Google gbé Buzz, ìkànnì ọ̀rẹ́ tó so mọ́ ímeèlì rẹ̀, jáde, àwọn tí ènìyàn ń kọ ímeèlì sí jù lọ di ohun tí ẹlòmíràn lè rí. Ó parí sí ọ̀dọ̀ àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó fi dandan lé e lọ́dún 2011 pé kí Google máa gba àyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà fún ogún ọdún. Facebook ní tirẹ̀ sọ ohun tí ènìyàn bá tẹ “like” sí di ìpolówó tí wọ́n ń fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, láìbi í, láìsan kọ́bọ̀ fún un. Àwọn oníbàárà pè é lẹ́jọ́, ó sì gbà láti san 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2013 kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àti fọ́tò àwọn oníbàárà rẹ̀ sára ìpolówó. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa ló kọ́ wa. Kò tọ́ kí ilé iṣẹ́ kan máa tà á fún onísábùlé.

Àwọn tó gbèjà èrò náà ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní orí ayélujára kún fún pàǹtí: ojú ìwé tí wọ́n kọ torí ìpolówó, àtúnyẹ̀wò ọjà tí wọ́n rà, ìròyìn irọ́. Wọ́n ní nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ ni atọ́nà. Pàǹtí náà wà lóòótọ́, ó sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí AI ti ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ta ni pàǹtí náà ń bọ́ sí lọ́wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni. Omi iyọ̀ gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ wá, MMM gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ wá. Ohun tó ń wẹ pàǹtí mọ́ ni kí ẹ̀rọ wádìí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ohun tó fi gbè é lẹ́yìn, àti ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le, owó sì ń bá a lọ. Kíka iye ọ̀rẹ́ tó tẹ “like” rọrùn púpọ̀, mo sì gbà gbọ́ pé ìrọ̀rùn yẹn wà lára ohun tó mú wọn yàn án.

Wọ́n tún ń sọ pé bọ́tìnnì wà, pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè pa á. Bẹ́ẹ̀ ni, Search, plus Your World ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà, kí ẹ bi ìyá tó ń ta ata bóyá ó mọ̀ pé ìdáhùn fóònù òun yàtọ̀ sí ti aládùúgbò òun, ká tó máa sọ pé kó lọ wá bọ́tìnnì tí yóò fi pa á. Ohun tí wọ́n bá tò sínú ẹ̀rọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ wa ń lò títí fóònù yóò fi bàjẹ́. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

N kò sọ pé kí a má gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́. Bí mo bá ń wá aránṣọ tí kì í já ènìyàn kulẹ̀ lọ́dún Iléyá, ọ̀rẹ́ ni màá bi. Bí mo bá ń wá ibi tí àmàlà ti dùn ní Ìbàdàn, n kò nílò ìwé ilé ẹjọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn, ẹnu tó mọ ohun tí mò ń jẹ ló yẹ kó júwe fún mi. Ọ̀rọ̀ oògùn, owó, òfin, ìbò àti ẹ̀kọ́ kò sí lára rẹ̀. Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kò pọ̀. Kí ìdáhùn tó jẹ́ ti gbogbo ayé máa ṣáájú fún gbogbo ènìyàn. Kí ti ọ̀rẹ́ wà ní àyè ọ̀tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé nǹkan sókè nítorí ojúlùmọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lára ìpolówó láìjẹ́ pé wọ́n bi í, tó sì gbà.

Àwọn tó ń ṣe AI ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ni tiwọn máa ń fún ni. Google àtijọ́ ṣì ń to mẹ́wàá kalẹ̀, ènìyàn lè wo ẹ̀karùn-ún. Bí aboyún bá bi AI léèrè bóyá oògùn ibà kan ṣeé lò nínú oṣù kejì oyún, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ nípa oògùn náà ni kí ó ṣí fún un, kí ó fi ímeèlì àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà.